Ìdákẹ́jẹ́ Ní Òru Ọdún Tuntun

Ní oṣù Kejìlá tí ó kọjá, olùkọ́ kan ní agbègbè wa ní Ọ̀fàdà sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ bí àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ti í fi ìdákẹ́jẹ́ pàdé ọdún tuntun. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, òbí mẹ́ta ti dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n ní olùkọ́ náà fẹ́ sọ ọmọ àwọn di abọ̀rìṣà. Mo gbọ́ tiwọn, mo sì gbọ́ ti olùkọ́. Ẹ̀yìn olùkọ́ ni mo wà, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mọ ìdí rẹ̀.

Òtítọ́ ni ohun tí ó sọ. Ní ilẹ̀ Japan, ní òru ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, wọn a máa lu agogo tẹ́ḿpìlì ní ìgbà 108, nítorí wọ́n ní iye ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ tí ń yọ ọkàn ènìyàn lẹ́nu nìyẹn. Ní Ìlú Ọba àti ní Amẹ́ríkà, àwọn ẹlẹ́sìn náà ní ilé tí wọ́n ń lọ fún ọjọ́ mélòó kan ní ìparí ọdún. Wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Wọn a jókòó jẹ́ẹ́, wọn a máa kíyèsí èémí tí ń wọlé tí ń jáde. Èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni gba ẹ̀sìn wọn. Wọn kì í ké pe Ẹlẹ́dàá nínú ìjókòó yẹn, èmi kò sì lè jókòó kí n má pè É. Ṣùgbọ́n bí aládùúgbò mi bá gbá ojúde rẹ̀ mọ́, ṣé ìgbálẹ̀ rẹ̀ ni n ó máa bú, nígbà tí pàǹtí kún ojúde tèmi?

Ẹ bá mi wo òru ọjọ́ náà ní ọ̀nà tiwa. Láti Ibafo dé Mowe, ní ẹ̀bá títì Èkó sí Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní í wọ́ lọ sí Ìlú Àdúrà àti sí Ibùdó Ìràpadà. Àwọn yẹn ní ìdí láti lo ẹ̀rọ gbohùngbohùn, nítorí ẹni tí ó wà lẹ́yìn pátápátá kò lè gbọ́ oníwàásù bí kò bá sí i. Kí wá ni ìdí ti ìjọ tiwa, tí a kò ju ọgọ́ta lọ, tí ẹni tí ó jókòó lẹ́yìn lè gbọ́ bí mo bá wúkọ́? Síbẹ̀ a ra ẹ̀rọ mẹ́rin, a sì kọjú méjì nínú wọn sí ìta, kí ìjọ tí ó wà ní òdìkejì ọ̀nà lè mọ̀ pé àwa náà ń bẹ. Ta ni a ń gbàdúrà sí nígbà náà?

Èmi gan-an jẹ̀bi. Ní irú òru bẹ́ẹ̀ kan, mo dúró níwájú, mo ní kí gbogbo ìjọ pariwo pé àwọn ti rékọjá, pé ikú kò rí àwọn mú. Ìyá kan wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn tí ó sin ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ní oṣù Kẹwàá ọdún náà. Mo rí i pé ètè rẹ̀ kò mì. Mo nawọ́ sí i, mo ní, “Ìyá, ẹ la ẹnu yín!” Ó wò mí, ó ká ìborùn rẹ̀ mọ́ra, ó sì jáde. Nígbà tí mo lọ kí i ní òwúrọ̀, kò bá mi jà. Ó kàn ní, “Bàbá Katikíìsì, mo fẹ́ bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ nípa ọmọ mi ni, n kò rí àyè.”

Àwọn òbí náà bi mí pé níbo ni a ti rí ìdákẹ́jẹ́ nínú ẹ̀sìn Kristi. Ó yà mí lẹ́nu, nítorí ọ̀kan nínú wọn ni í ka ẹ̀kọ́ kíkà fún wa ní ọjọ́ Ìsinmi. Nígbà tí Hánnà ń gbàdúrà ní Ṣílò, ètè rẹ̀ nìkan ni ó ń mì. A kò gbọ́ ohùn rẹ̀, Élì àlùfáà sì rò pé ó mutí yó. Èmi ni Élì ní òru ọjọ́ náà. Èlíjà kò bá Olúwa nínú ìjì tàbí nínú iná. Olúwa wa pàápàá lo ogójì ọjọ́ ní aginjù kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìsìn òru ìparí ọdún yìí kan náà, àwọn ará Moravia ṣe é ní Herrnhut ní ilẹ̀ Jámánì ní ọdún 1733, John Wesley sì mú un wọ inú ìjọ tirẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1740. Ìṣọ́ Òru ni wọ́n pè é. Olùṣọ́ a sì máa dẹtí.

Àwọn mìíràn ní ariwo ni í lé ọ̀tá lọ. Ọmọ Ọ̀fàdà ni wá, a mọ ìwúlò ariwo: nígbà tí ìrẹsì bá ń gbó lóko, àwọn ọmọ a máa ké, wọn a máa lu agolo, kí ẹyẹ má bàa jẹ ẹ́ tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá kó o délé, tí a dà á sórí àtẹ láti ṣa òkúta inú rẹ̀, ta ni í pariwo sí òkúta? Ńṣe ni a ó tẹ orí ba, tí a ó fi ìka wá a ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, ọdún ti kúrò lóko. Ó ti wà lórí àtẹ. Ẹni tí a rẹ́ jẹ, gbèsè tí a sẹ́, ọmọ ilé ìwé tí a nà láìṣẹ̀, òkúta ni gbogbo wọn. Bí a kò bá ṣà wọ́n, a ó sè wọ́n mọ́ oúnjẹ ọdún tuntun.

Ní ìparí ọdún yìí, ní agogo mọ́kànlá àbọ̀ òru, a ó pa ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní ìjọ wa títí ọdún yóò fi yí. Mo ti rán ọmọ sí ìyá náà pé kí ó wá. Ẹni tí ń mójútó ẹ̀rọ wá bi mí léèrè ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá bóyá gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú náà ni mo ní lọ́kàn, tàbí márùn-ún péré. Mo ní gbogbo rẹ̀ ni.