Onílàjà Inú Oríkèé

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé àrùn àgbàlagbà ni aromọléegun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Irú èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní rheumatoid arthritis máa ń mú ọ̀dọ́ pẹ̀lú, ó sì ń mú obìnrin ju ọkùnrin lọ ní ìlọ́po méjì sí mẹ́ta. Àwọn ọmọ-ogun ara, tó yẹ kí wọ́n máa gbógun ti kòkòrò àrùn, ni wọ́n ń kọjú ìjà sí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo inú oríkèé. Oríkèé á wú, á gbóná, bí ilẹ̀ bá sì mọ́, ìka kò ní ṣeé ká.

Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, ní irú rẹ̀. Onídìrí ni wọ́n. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí ìka jẹ́ fún onídìrí. Láìpẹ́ yìí, ọkùnrin kan ta ike òróró ẹja fún wọn, ó ní kí wọ́n máa lo hóró kan lójúmọ́, kí wọ́n sì jáwọ́ nínú oògùn ilé ìwòsàn. Àǹtí bi mí bóyá kí wọ́n gbà á gbọ́. Mo ka ohun tí àwọn onímọ̀ kọ, mo sì rí i pé òótọ́ àti irọ́ ti lọ́ mọ́ra nínú ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà.

Ẹ jẹ́ ká mú òótọ́ ibẹ̀ ṣáájú. Fún ìgbà pípẹ́, èrò àwọn onímọ̀ ni pé bí ara bá wú tó sì gbóná, yóò kàn rọlẹ̀ fúnra rẹ̀, bí iná tí igi rẹ̀ jó tán. Charles Serhan, tó ń ṣe ìwádìí ní Boston nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ló fi hàn pé ó jọ ìjà àárín ọjà ju iná lọ: ẹnìkan gbọ́dọ̀ là á. Ní 1984, òun àti Bengt Samuelsson ará Sweden jábọ̀ nípa àwọn mólékù ọ̀rá tí wọ́n sọ ní lipoxin. Lẹ́yìn náà ni ti resolvin, kí ó tó wá kan maresin ní 2009. Láti inú ọ̀rá omega-3, tó pọ̀ nínú ẹja Titus àti sadíìnì, ni ara ti ń ṣe méjì tó gbẹ̀yìn yìí. Onílàjà ni mo ń pè wọ́n. Wọn kì í pa ọmọ-ogun ara. Wọ́n á dá àwọn tó ṣì ń rọ́ bọ̀ dúró, wọ́n á sì pe agbálẹ̀ kó wá kó pàǹtírí ìjà kúrò.

Ti ìrora ló yà mí lẹ́nu jù. Ní 2010, Ru-Rong Ji àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀, tí Serhan wà lára wọn, kọ ọ́ sínú Nature Medicine pé ìwọ̀n bíńtín resolvin dín ìrora ara wíwú kù lára eku. Ibuprofen àti diclofenac tí à ń rà ní kẹ́mísì bí ẹni ra bisikíìtì lè dá ọgbẹ́ sí inú, wọ́n sì lè pa kíndìnrín lára. (Aspirin nìkan ló ní àrà tirẹ̀: bó ti ń dí ọ̀nà ìrora, ó tún ń mú kí ara ṣe irú onílàjà kan.)

Irọ́ ibẹ̀ ńkọ́? Eku kì í ṣe ènìyàn. Kíákíá ni resolvin ń túká nínú ara, kò sì tíì sí èyí tí wọ́n fọwọ́ sí gẹ́gẹ́ bí oògùn aromọléegun. Òróró ẹja ni wọ́n ti dán wò lára ènìyàn; ó ń dín ìrora kù díẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan bíi gíráàmù 3 EPA àti DHA lójúmọ́ ni wọ́n sábà máa ń lò, ó sì tó oṣù mélòó kan kí ìyàtọ̀ tó hàn. Mo yí ike Àǹtí padà. Hóró kan jẹ́ mílígíráàmù 1000 lóòótọ́, ṣùgbọ́n EPA inú rẹ̀ jẹ́ 180, DHA jẹ́ 120. Hóró mẹ́wàá lójúmọ́ nìyẹn. Ike oníhóró 30 á tán ní ọjọ́ mẹ́ta! Ẹni tó bá sì ń lo warfarin kò gbọdọ̀ dán irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ wò láìsọ fún dókítà.

Èyí tó burú jù ni jíjáwọ́ nínú oògùn. Methotrexate tí Àǹtí ń lò ń dá ìjà tó ń jẹ egungun dúró. Egungun tí àrùn yìí bá ti jẹ kì í padà bọ̀ sípò.

Dókítà wọn ní kí wọ́n má fi methotrexate sílẹ̀, pé òróró ẹja lè tẹ̀ lé e bí agbára bá ká a. Àǹtí ṣírò owó ike mẹ́wàá lóṣù, wọ́n ní Titus ni àwọn yóò máa rà.