Ìró bàtá ní Harlem

Orin tí a gbà sílẹ̀ lójú agbo ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí lónìí. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 1967, John Coltrane, afunfèrè jáàsì ará Amẹ́ríkà, ṣeré ní ilé àṣà Áfíríkà tí Babatunde Olatunji dá sílẹ̀ ní Harlem, ní Nìú Yọ́ọ̀kì. Ọmọ Ajido lẹ́bàá Àgbádárìgì ni Olatunji. Ẹni tó bá ti Àjàṣẹ́ gba Sèmè kọjá kò ní pẹ́ débẹ̀. Coltrane fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi sọ orin kan ní “Tunji” ní ọdún 1962.

Orin méjì péré ni ó wà nínú ohun tí Bernard Drayton gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà: “Ogunde” àti “My Favorite Things”. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹni tó bá ń retí orin ijó yóò bínú. Fèrè Coltrane àti ti Pharoah Sanders ń lọgun, ìlù Rashied Ali kò dúró lójú kan, ohùn téèpù náà sì há.

Ṣùgbọ́n Algie DeWitt wà láàrin wọn pẹ̀lú bàtá. Ìlù Ṣàngó, ní Harlem! Agbára káká ni etí fi ń rí i mú. Àwa tí a mọ bàtá ń retí oríkì lẹ́nu rẹ̀. Níbẹ̀, kò ki ẹnikẹ́ni. Lójú tèmi, fèrè ni ó gba iṣẹ́ náà ṣe. Ẹni tó ti rí ẹlẹ́gùn Ṣàngó rí kò ní sá fún “Ogunde”.

Àìsàn ti wọ Coltrane lára; ó kú ní ọjọ́ 17 oṣù keje ọdún náà, lẹ́ni ogójì ọdún. Ọdún 2001 ni ilé iṣẹ́ Impulse! tó gbé téèpù náà jáde, ọdún kan náà tí UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa. Ká ní wọ́n dà á nù nítorí ohùn rẹ̀ kò mọ́ ńkọ́? Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Sakété àti Pọbẹ̀ tí ẹ ń fi fóònù gba ìlù alẹ́ Ẹ̀fẹ̀, ẹ má pa á rẹ́. Ẹ kọ ọjọ́, ìlú àti orúkọ onílù sí i.

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ àwo yìí, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orin kejì, níbi tí Jimmy Garrison ti dá nìkan ta báàsì rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí àwọn yòókù tó wọlé.