Ta Ni Yóò Bá Ọ Tajà?

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà wa, ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ìtajà yẹ̀ wò lóṣù yìí.

Ní Òrè, níbi tí ọ̀nà Èkó sí Bìní ti pàdé ọ̀nà Oǹdó àti ti Òkìtìpupa, èrò ọkọ̀ kì í dúró pẹ́. Ẹni tí ara rẹ̀ yá, tí ó sì lè tètè ṣírò owó, ni kí ẹ fi sí etí títì. Bí ó bá ń wá ṣéńjì kiri, ọkọ̀ yóò ti lọ. Ní Odígbó, àgbẹ̀ kòkó a máa rajà àwìn títí di ìgbà ìkórè. Onísùúrù tí ó mọ ará ìlú, tí ó sì lè kọ gbèsè sínú ìwé, ni ó yẹ ibẹ̀.

Ẹ má ṣe fa àpótí owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ nítorí pé ó jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ dán an wò fún ọ̀sẹ̀ 2; ẹ ka ọjà láàárọ̀, kí ẹ sì tún un kà lálẹ́. Bí ó bá kùnà níbì kan, tí kì í sì í ṣe olè, ẹ gbé e síbòmíràn kí ẹ tó lé e. Ọmọ ìka kò dọ́gba, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí kò níṣẹ́ tirẹ̀.