Kẹ̀kẹ́ wo ni kí akẹ́kọ̀ọ́ rà?

Owó zemijan ti ń gbọ́n àpò wa gbẹ, ìyẹn ló mú kí púpọ̀ nínú wa máa wá kẹ̀kẹ́ àlòkù rà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ tí a ń rà kò bá ọ̀nà tí a ń tọ̀ mu.

VTT ni gbogbo wa ń sáré sí: táyà ńlá eléyín ṣóńṣó, sípírìngì níwájú, nígbà mìíràn lẹ́yìn pẹ̀lú. Ó wu ojú. Níbo ni a sì ń gùn ún lọ? Láti ilé dé ilé-ìwé ni, lórí ọ̀dà, pẹ̀lú yanrìn díẹ̀ láàárín àdúgbò. Nígbà tí a bá lọ gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ ní abúlé Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́, ọ̀nà ilẹ̀ pupa ni, kì í ṣe orí òkè. Lórí ọ̀dà, eyín táyà yẹn ń fani sẹ́yìn. Sípírìngì olówó pọ́ọ́kú wúwo, ó ń gbé agbára ẹsẹ̀ mì, bí ó bá sì bàjẹ́, ó ṣòro kí a rí ẹni tí yóò tún un ṣe lábúlé.

Táyà tí ó fẹ̀ tó mílímítà 40 sí 50, tí eyín rẹ̀ kò ga, ni ó yẹ wá. Ẹ ka ara rẹ̀: bí ẹ bá rí 47-559, 47 ni ìbú táyà, 559 ni ìwọ̀n irin tí ó jókòó lé, èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní 26. Ẹ má fẹ́ ẹ le jù. Afẹ́fẹ́ níwọ̀nba ni ó ń gba ìdí lọ́wọ́ kòtò.

Ẹ gùn ún wò kí ẹ tó sanwó. Bí ẹsẹ̀ bá dé ìsàlẹ̀ pátápátá, kí orúnkún tẹ̀ díẹ̀. Kí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ga tó ìjókòó, ó kéré tán, kí ẹ̀yìn má baà ro yín.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí yóò bí àwọn ọkùnrin kan nínú. Kẹ̀kẹ́ tí irin àárín rẹ̀ lọ sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní kẹ̀kẹ́ obìnrin, òun ni kí ẹ rà. Ẹni tí ó di ẹrù sẹ́yìn kò ní í gbé ẹsẹ̀ fo ẹrù náà kọjá, ẹni tí ó wọ agbádá kò ní í há. Àwọn arábìnrin wa tí ń ró ìró náà yóò lè dá lọ síbi iṣẹ́ wọn, láìdúró de ẹni tí yóò gbé wọn. Ta ni ó fún irin ní akọ àti abo? (Fọ̀n tilẹ̀ pe alùpùpù ní zokɛkɛ, kẹ̀kẹ́ oníná, kò béèrè ẹni tí ń gùn ún.)

Ẹ mú ẹni tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ládùúgbò yín lọ sọ́jà. Kí ó wo gbogbo ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀. Bí ó bá ti là níbẹ̀, ẹ fi sílẹ̀, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó.