Ọ̀dà Dúdú Kọ́ Ni Olè

Ní alẹ́ ọjọ́ tí mo kun ibi tó ń dán lára ọkọ̀ bàbá mi dúdú, ìyá mi tú àpò ìwé mi wò. Wọ́n rò pé mo ti sùn. Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe rọra ṣí zípù, tí wọ́n ń yọ ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ń gbọn ìdí àpò náà. Fóònù kejì ni wọ́n ń wá, tàbí owó tí wọn kò mọ ibi tí mo ti rí i. Wọn kò rí nǹkan kan àyàfi búrẹ́dì tó ti gan. Kí ló dé? Àgbàlagbà kan ní òpópónà wa ló pè wọ́n sí kọ̀rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, tó ní: "Màmá, ẹ mójú tó ọmọ yín o. Àwọn ọmọ Yahoo ló ń kun ọkọ̀ báyẹn."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ bá jà. N kò bá àgbàlagbà náà jà. Bí mo bá pàdé wọn láàárọ̀ ọ̀la, n ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò dára, ó sì ti pọ̀ jù lẹ́nu àwọn òbí àti olùkọ́ wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe. Toyota Corolla ọdún 2003 ni bàbá mi fi ń ṣe kábúkábú, tòkunbọ̀ tó ti rí òjò àti oòrùn Èkó fún ọdún púpọ̀. Ọ̀pá dídán tó wà lórí búùtù ti ń ṣí bí ìpẹ́ ẹja. Ara gírììlì iwájú ti yọ àpá pupapupa. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan wá lóru, tó fi nǹkan yọ lógò iwájú lọ. A ń gbé Pápá Àjàó, Ládipọ̀ kò jìnnà sí wa rárá, a sì ń gbọ́ òòlù àwọn tó ń nà ara ọkọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Kò sí ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí èèyàn kò lè rí rà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n owó lógò tuntun, owó gírììlì, owó ọ̀pá búùtù, owó oúnjẹ ni gbogbo rẹ̀.

Mo ra ọ̀dà inú agolo kan ṣoṣo. Mo fi omi ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀, mo fi sáńpépà kíkúnná ha á títí dídán rẹ̀ fi kú, mo fi tínnà nù ún kí ọ̀rá má baà kù. Mo fi téèpù àti ìwé ìròyìn àtijọ́ bo gbogbo ara ọkọ̀ tó kù. Lẹ́yìn náà ni mo fín in fẹ́ẹ́rẹ́ẹ́rẹ́, ní ẹ̀ẹ̀mẹta, mo ń dúró kó gbẹ díẹ̀ kí n tó fín òmíràn. Ẹni tó bá kánjú fín in nípọn lẹ́ẹ̀kan, ọ̀dà á ṣàn bí omijé. Mo ti rí i lára iṣẹ́ ẹlòmíràn, mo sì fi rẹ́rìn-ín. (Ẹ má ṣe é nínú yàrá o, ẹ má sì ṣe é nítòsí sítóòfù. Òórùn ọ̀dà náà burú fún èémí, iná sì máa ń ràn mọ́ ọn. Mo fi nǹkan bo imú, mo sì dúró dìgbà tí ìyá mi se oúnjẹ tán.)

Ohun tí àwọn kan ń pè ní àmì olè nìyẹn. Ẹ̀kọ́ ni mo pè é ní tèmi. Nínú kíláàsì ni wọ́n ti kọ́ wa ní ìpẹtà, ṣùgbọ́n ara gírììlì yẹn ni mo ti rí i. Kúróòmù ara ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní kì í ṣe irin látòkè délẹ̀. Ike ni, tí wọ́n fi níkẹ́ẹ̀lì bò, tí wọ́n sì fi kúróòmù tín-ín-rín lé e lórí. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, kò sí bí èèyàn ṣe fẹ́ fi àkísà nù ún tó tí yóò padà sípò. Ohun tó sì ń dán yìí ní ẹ̀jẹ̀ lọ́rùn: èròjà chromium kan tí wọ́n máa ń lò níbi tí wọ́n ti ń ṣe é ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró fún àwọn òṣìṣẹ́ tó bá ń fà á símú.

Mo mọ ìdí tí àwọn bàbá wa fi fẹ́ràn dídán. Ní 1975, Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Peugeot, Volkswagen sì bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ìjàpá ní Ọ̀jọ́, níhìn-ín ní Èkó. Ẹni tó bá ní ọ̀kan nígbà náà, bọ́ńpà rẹ̀ ni dígí rẹ̀. Ọmọ a máa fi omi àti aṣọ nù ún ní òwúrọ̀ Sátidé. N kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n rántí pé láti 1914 títí di 1925, dúdú nìkan ni Henry Ford ń kun ọkọ̀ Model T rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó tú àpò ìwé ọmọ ẹnikẹ́ni wò nítorí ìyẹn. Ìlà dúdú méjì wà lára gbogbo dánfó Èkó, ta ló ń pe dánfó ní ọmọ Yahoo? Ohun mìíràn ni wọ́n ń pè é.

Àwọn àgbà yóò fi òwe dá mi lóhùn pé ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Mo gbà. Àwọn náà ló sì kọ́ wa pé aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Nígbà tí a bá ti fi ojú lásán dájọ́, a mọ ibi tó ń gbé wa lọ. Ní oṣù Kẹwàá 2020, àwọn ọ̀dọ́ jáde sí títì nítorí ẹ̀ka ọlọ́pàá tí wọ́n ń pè ní SARS. Lára ẹ̀sùn wọn ni pé irun tí èèyàn dì, kọ̀ǹpútà tó gbé lọ́wọ́, ọkọ̀ tó wọ̀, ti tó láti sọ ọ́ di ọ̀daràn lójú títì. Ọjọ́ kọkànlá oṣù náà ni wọ́n kéde pé wọ́n tú ẹ̀ka náà ká. Ọ̀pọ̀ òbí ló dúró ti àwọn ọmọ wọn nígbà náà. Kí ló wá dé tí ẹ fi ń ṣe irú ìdájọ́ yẹn nínú ọgbà ilé?

Ẹ sì wo ohun tí ẹ ń gbóríyìn fún. Àwọn kan wà tí wọ́n ń ra odindi iwájú ọkọ̀, bọ́ńpà, iná, bọ́nẹ́ẹ̀tì àti gírììlì, tí wọ́n á gbé e lé ọkọ̀ àtijọ́. Àpúgíréèdì ni wọ́n ń pè é. Prado ọdún 2010 á sùn, á jí ní 2018. Irọ́ gidi nìyẹn, owó ńlá ni wọ́n sì ń fi pa á, síbẹ̀ "ẹ kú oríire" ni àdúgbò ń kí wọn. Corolla bàbá mi kò sọ pé òun jẹ́ nǹkan mìíràn. Corolla ọdún 2003 ni, tí ara rẹ̀ ti gbó, tí wọ́n sì fi ọ̀dà olówó pọ́ọ́kú tọ́jú.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yin lẹ ń ba ọjà jẹ́ fún wa. Ẹni tó fín ọ̀dà dúdú sójú iná ẹ̀yìn, tí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ní òru kò fi ní rí i nígbà tó bá tẹ búrékì, ẹ̀mí èèyàn ló ń fi ṣeré. Ẹni tó kun nọ́ńbà ọkọ̀, kí ni ó fẹ́ fi pamọ́? Gíláàsì dúdú sì ti ní òfin láti 1991, kí á tó bí wa. Bí ẹ bá dá wọn dúró lójú títì, n kò ní bá yín bẹ̀bẹ̀.

Ìyá mi kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ nípa àpò yẹn, èmi náà kò sì tíì sọ pé mo gbọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, n kì í ti zípù rẹ̀ pa mọ́ lálẹ́. Ọ̀dà ṣì kù nínú agolo. Ọwọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn méjèèjì ni èmi àti bàbá mi fẹ́ fi kùn ní Sátidé tó ń bọ̀, ní aago mẹ́sàn-án, ní iwájú ilé wa. Mo ti ní kí àgbàlagbà náà wá jókòó tì wá. Mo ti nu àga sílẹ̀ dè wọ́n.