Nígbà Tí Òtútù Àyà Bá Mú Ejò Inú Ilé

Adìyẹ, ewúrẹ́ àti ajá ni ọ̀rọ̀ wa sábà máa ń dá lé lórí nínú abala yìí. Lónìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀dá kan tí àwọn àgbà wa kì í fẹ́ dárúkọ lóru, tí wọ́n fi ń pè é ní okùn ilẹ̀. Ejò ni; kì í sì í ṣe ejò inú igbó, bí kò ṣe èyí tí a ń sìn nínú ilé gẹ́gẹ́ bí a ti ń sin ológbò.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń béèrè pé kí ni ó kàn wá nínú àìsàn ejò, kí ó rántí pé àwọn ọmọ wa ń dàgbà ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní àwọn ìlú Amẹ́ríkà, níbi tí ejò nínú àpótí dígí kì í ti í ṣe ohun àjèjì nínú yàrá ọmọdé. Ọ̀kan nínú àwọn ejò tí ó wọ́pọ̀ jù lọ níbẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ìhà ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín. Òjòlá kékeré kan ni, tí ń gbé inú ihò eku àti inú ògán ní ilẹ̀ ọ̀dàn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní ball python, nítorí pé bí ẹ̀rù bá bà á, a ká ara rẹ̀ jọ rìbìtì bí bọ́ọ̀lù, a sì fi orí rẹ̀ pamọ́ sí àárín. Láti Ghana, Togo àti Benin ni a ti ń kó irú rẹ̀ lọ sí òkè òkun láti ọjọ́ pípẹ́ wá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wà lọ́hùn-ún lónìí ni a bí síbẹ̀. Ará ilé wa ni ó wà nínú àpótí náà, ìdálẹ̀ ni ó sì wà.

Òjòlá yìí kì í ṣe ohun ìṣeré ọ̀sẹ̀ kan. Bí a bá tọ́jú rẹ̀ dáradára, ó lè lo 20 ọdún sí 30 ọdún. Ní ọgbà ẹranko St. Louis ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan tí ó ti wà lọ́wọ́ wọn láti ọdún 1961 yé ẹyin ní ọdún 2020, nígbà tí àwọn olùtọ́jú rẹ̀ gbà pé ọjọ́ orí rẹ̀ ti ju 60 ọdún lọ. Ṣùgbọ́n àìsàn kan wà tí í máa gé irú ẹ̀mí gígùn bẹ́ẹ̀ kúrú. Àìsàn èémí ni, èyí tí ó jẹ́ pé bí ó bá wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, a di òtútù àyà.

Kí a tó lè dá àìsàn náà mọ̀, ó yẹ kí a mọ bí ejò ti ń mí. Ènìyàn ní iṣan pẹlẹbẹ kan tí ó pààlà sí àárín àyà àti ikùn. Òun ni ó ń ràn wá lọ́wọ́ láti fi agbára húkọ́, kí a sì tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde. Ejò kò ní i. Iṣan ẹ̀gbẹ́ ìhà rẹ̀ ni ó fi ń mí. Ẹ̀dọ̀fóró òjòlá jẹ́ méjì, ti ọ̀tún tóbi ju ti òsì lọ, ó sì dà bí àpò gígùn tí ó lọ sínú ara. Bí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bá sọ̀ kalẹ̀ sínú àpò yìí, níbẹ̀ ni yóò jókòó sí, nítorí ejò kò lè húkọ́ bí àwa ti ń húkọ́. Kò lè ké, kò sì lè sọ fún olówó rẹ̀ pé àyà ń dun òun. Àṣà rẹ̀ láti inú igbó ni pé kí ó fi àìlera rẹ̀ pamọ́ fún ọ̀tá, nítorí náà ó lè máa fi í pamọ́ títí agbára rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ojú olùtọ́jú ni ó gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ tí ikọ́ ìbá ṣe.

Igi gogoro má gùn mí lójú, láti òkèèrè ni a ti ń wò ó. Àwọn àmì tí a ní láti máa wò nìwọ̀nyí.

Èkíní ni ìró. Èémí ejò tí ara rẹ̀ le kì í dún. Bí ilé bá pa rọ́rọ́, tí a sì gbọ́ tí èémí rẹ̀ ń dún bí súfèé, tàbí tí ó ń ta kẹ́kẹ́ bí ẹni pé omi wà nínú rẹ̀, kí a fiyè sí i.

Èkejì ni omi tàbí ìfófó ní ihò imú, tàbí itọ́ tí ó ki, tí ó ń fà nínú ẹnu bí ọbẹ̀ ilá.

Ẹ̀kẹta ni pé kí ejò máa la ẹnu sílẹ̀ kí ó tó lè mí, tàbí kí ó na ọrùn, kí ó gbé orí sókè sí ògiri àpótí, kí ó sì dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́ títí. Ẹni tí ó bá rí èyí kò gbọdọ̀ dúró di ọ̀la. Àìsàn ti jìnnà wọ inú.

Ẹ̀kẹrin ni pé kí ó kọ oúnjẹ, kí ó máa rù, kí ó sì wà ní ilẹ̀ jọwọrọ, láìní agbára nígbà tí a bá gbé e.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe máa páyà lásán. Bí ejò bá ń bọ́ awọ, èépá awọ lè há sí ihò imú rẹ̀, kí èémí rẹ̀ sì máa dún fún ìgbà díẹ̀ láìsí kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Bí awọ bá bọ́ tán, ìró náà a dákẹ́. Bí ó bá sì jẹun tán, ó lè ya ẹnu lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì láti tún àgbọ̀n rẹ̀ tò. Irú òjòlá yìí lè kọ oúnjẹ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láìṣe àìsàn, bí kò bá ṣáà ti rù. Nítorí náà ni ó fi dára kí a ní òṣùwọ̀n, kí a máa wọn ejò lóṣooṣù, kí a sì kọ ohun tí a rí sínú ìwé. Ìró tí kò dákẹ́ lẹ́yìn tí awọ bọ́, tàbí ìró tí ó bá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rìn, àìsàn ni.

Kí ni ó ń fa àìsàn yìí? Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, inú àpótí ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ara ejò kì í dá ooru tirẹ̀ sílẹ̀ bí ti ènìyàn. Ibi tí ó bá wà ni ó ti ń gba ooru. Bí ibẹ̀ bá tutù, agbára tí ara rẹ̀ fi ń bá kòkòrò àrùn jà a dínkù, àwọn bakitéríà tí wọ́n ti wà lẹ́nu rẹ̀ láìṣe ibi a sì rí ààyè wọlé. Ní ìgbà ọ̀gìnnìtìn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí a bá pa iná ilé lóru, tí àpótí kò sì ní ooru tirẹ̀, ewu ti dé. Ìhà kan àpótí yẹ kí ó gbóná tó ìwọ̀n 31 sí 33 Celsius, kí ìhà kejì wà ní ìwọ̀n 24 sí 27, kí ejò lè yan èyí tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ yẹ kí ó tó 50 sí 60 nínú 100. Bí ó bá gbẹ jù, ọ̀nà èémí a gbẹ. Bí ó bá sì tutù rinrin láìsí afẹ́fẹ́ tí ń fẹ́ wọlé, èébu a hù. Ìdọ̀tí, èéfín, àti kòkòrò wẹ́wẹ́ tí ń mu ẹ̀jẹ̀ ejò bí iná ti ń ṣe adìyẹ, gbogbo wọn a máa dá kún un.

Nígbà náà, kí ni kí a ṣe ní ọjọ́ tí a bá rí àmì? Kí a kọ́kọ́ fi tẹmómítà wọn ooru ìhà méjèèjì, kí a má ṣe fi ọwọ́ lásán díwọ̀n rẹ̀. Kí a tún ooru ṣe tọ̀sán tòru, kí ó sì wà lábẹ́ ẹ̀rọ tí ń dá a dúró nígbà tí ó bá tó, kí ó má bàa jó ejò lára. Kí a ya aláìsàn náà sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ àwọn ejò yòókù, kí a máa tọ́jú rẹ̀ kẹ́yìn gbogbo wọn, kí a sì fọ ọwọ́. Kí a palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́, kí a gbé omi mímọ́ síbẹ̀, kí a sì fi ejò sílẹ̀ kí ó sinmi. Lẹ́yìn èyí, kí a wá dókítà ẹranko tí ó mọ̀ nípa ejò, nítorí kì í ṣe gbogbo wọn ni ó mọ̀ ọ́n. Ooru a máa ran ara lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ooru nìkan kì í wo òtútù àyà.

Àwọn ohun kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe. Kí a má ṣe da àgbo tàbí òróró sí i lẹ́nu, nítorí orí ilẹ̀ ẹnu ejò ni ihò èémí rẹ̀ wà. Ohun tí a bá dà sí i lè gba ibẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Kí a má ṣe fi agbára bọ́ ọ. Kí a má ṣe rì í sínú omi jíjìn. Kí a má sì fún un ní ìṣẹ́kù oògùn ènìyàn, nítorí ìwọ̀n tí kò tó a máa kọ́ kòkòrò àrùn ní ogbón, èyí tí ó pọ̀ jù a sì máa ba kíndìnrín jẹ́.

Bí a bá ń gbé e lọ, kí a fi í sínú àpò aṣọ, kí a gbé àpò náà sínú àpótí, kí a sì fi ìgò omi gbígbóná tí a fi aṣọ wé sí ẹ̀gbẹ́ kan. Dókítà yóò wo ẹnu rẹ̀, ó lè ya àwòrán inú ara rẹ̀, ó sì lè gba díẹ̀ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ láti mọ irú kòkòrò tí ó wà níbẹ̀ àti oògùn tí yóò pa á. Abẹ́rẹ́ ni ó sábà máa ń jẹ́. Ọ̀kan wà tí ń jẹ́ ceftazidime, tí a sábà máa ń fún ejò lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí 72, nítorí oògùn kì í tètè kúrò lára rẹ̀. Ìtọ́jú náà lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Kí a má ṣe dá a dúró nítorí pé ìró ti dákẹ́. Bí a bá fi í sílẹ̀ láìparí, kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, pípele ni yóò máa pele sí i.

Irú àìsàn èémí kan tún wà tí abẹ́rẹ́ yìí kò ràn. Ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ kéde pé àwọn rí fáírọ́ọ̀sì kan tí a pè ní nidovirus lára irú òjòlá yìí tí òtútù àyà ń pa. Kò sí oògùn tí ń pa á. Ejò mìíràn a sì máa gbé e kiri láìfi àmì kankan hàn. Nítorí náà, ejò tuntun gbọdọ̀ dá wà nínú yàrá ọ̀tọ̀ fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán, kí a sì jẹ́ kí dókítà fi òwú nu inú ẹnu rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ẹni tí ó bá kánjú kó tuntun mọ́ ti àtijọ́ lè pàdánù gbogbo wọn.

Ẹ̀yin òbí, ẹ rántí pẹ̀lú pé ejò tí ara rẹ̀ le pàápàá lè ní kòkòrò salmonella, tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 má ṣe fọwọ́ kàn án, kí a má sì fọ ohun èlò rẹ̀ níbi tí a ti ń fọ àwo oúnjẹ.

Bóyá bàbá kan yóò sọ pé owó dókítà ju owó tí a fi ra ejò lọ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní England àti Wales, òfin ọdún 2006 lórí ìtọ́jú ẹranko ti fi í lé olówó ejò lọ́rùn pé kí ó dáàbò bò ó lọ́wọ́ ìrora àti àìsàn. Bí òfin kò tilẹ̀ sí, ejò inú igbó, bí òtútù bá mú un, a wọ́ lọ síbi tí oòrùn ti ràn. Ejò inú àpótí kò ní ibòmíràn láti lọ, àfi ibi tí a bá fi í sí. Àwa ni a gba oòrùn lọ́wọ́ rẹ̀. Gbèsè ni ooru tí a ń fún un, kì í ṣe àánú.

Àwọn àgbà ní agbára òjò kò ní òun kò ní wó ilé, onílé ni kò ní gbà fún un. Kí olúkúlùkù tí ó ní ejò nínú ilé wo tẹmómítà rẹ̀ ní alẹ́ òní kí ó tó sùn. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.