Ẹ Má Tìlẹ̀kùn Mọ́ Àwọn Tí Kò Ríran

Àríyànjiyàn ńlá wà láàárín àwọn tó ń lo Linux, ètò kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tó ń gbé wíńdò àti ọ̀rọ̀ sójú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń jà lé lórí. Ti àtijọ́ ń jẹ́ X. Ilé-ẹ̀kọ́ MIT ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1984, X11 sì jáde ní 1987. Ti tuntun ni Wayland, tí Kristian Høgsberg bẹ̀rẹ̀ ní 2008.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo fẹ́ gbèjà X. X ti gbó. Nínú X, ètò èyíkéyìí tó bá ti wọ kọ̀ǹpútà rẹ lè máa ka gbogbo lẹ́tà tí o bá tẹ̀, ìbáà ṣe ètò mìíràn lo ń tẹ̀ ẹ́ sí. Géèmù kékeré kan lè jókòó jẹ́ẹ́ kó máa ka pásíwọ́ọ̀dù rẹ. Ilé tí yàrá rẹ̀ kò ní ilẹ̀kùn ni. Wayland fi ilẹ̀kùn sí yàrá kọ̀ọ̀kan: ohun tí o tẹ̀ fún ètò kan, òun nìkan ló ń rí i. Ta ni yóò ní èyí kò dára?

Àmọ́ ìdí ilẹ̀kùn yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ètò kan wà tó ń jẹ́ Orca, tó ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà sókè fún ẹni tí kò ríran. Orca gbọ́dọ̀ mọ bọ́tìnnì tí ẹni náà tẹ̀, inú ètò yòówù kó wà, kó lè mọ ìgbà tí wọ́n ní kó kàwé àti ìgbà tí wọ́n ní kó dákẹ́. Ohun tí olè ń ṣe nínú X ni òun náà ń ṣe, ṣùgbọ́n ire ni tirẹ̀. Nígbà tí Wayland ń lé olè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lé ẹni tó ń fa afọ́jú lọ́pàá jáde pẹ̀lú.

Ẹ bá mi wo ọjọ́ wọn. Láti 2016 ni Fedora ti fi Wayland síwájú. Ó lé ní ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹta 2025, kí GNOME 48 tó la ọ̀nà tó ṣe tààrà fún bọ́tìnnì Orca lórí Wayland. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, GNOME 49 ti pa ọ̀nà X tì. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, Ubuntu 25.10 kò jẹ́ kí a yan X mọ́ láti fi wọ GNOME. Oṣù mẹ́fà péré! Àwa tí a ríran ní ju ọdún mẹ́jọ láti yan èyí tó wù wá. Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ àwọn tí kò ríran?

(Ubuntu, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ àwọn ará Gúúsù Áfíríkà ni, ìwà ọmọlúàbí sí ọmọnìkejì ló dúró fún.)

Wọ́n á ní àwọn tó ń tún X ṣe kò tó nǹkan mọ́. Òótọ́ ni. Wọ́n á ní ọ̀fẹ́ ni, kí la tún ń bèèrè? Ṣé nítorí pé ọ̀fẹ́ lọbẹ̀ ni a ó ṣe fún un láìfi àwo sí i fún ẹnì kan nínú ilé? Wọ́n á tún ní Ubuntu 24.04 ṣì ní X, wọn yóò sì máa tún un ṣe títí di 2029. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n lo àkókò náà. Kí wọ́n pe àwọn tó ń lo Orca lójoojúmọ́, kí wọ́n san owó iṣẹ́ fún wọn, kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n fi Wayland ṣiṣẹ́ ọdún kan gbáko. Àwọn ni kó sọ ọjọ́ tí a ó gbé X sin.